Èló Ni Jálẹ̀? Òfin, Ọjà àti Iye Owó Tó Ń Yàtọ̀

Bí ẹni méjì bá dúró nídìí àtẹ kan náà ní Ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́, kò ṣòro kí wọ́n ra ata kan náà ní iye méjì. Ọ̀kan á béèrè iye, á ní ó ti pọ̀ jù, á dá iye tirẹ̀. Ìyá aláta á ní kò tó owó tí òun fi rà á lóko. Wọn á jọ fà á síwá sẹ́yìn títí ẹni tó ń rà á fi béèrè pé èló ni jálẹ̀. Ẹnì kejì á kàn nawọ́ owó, bóyá nítorí pé ojú ń kán an, bóyá nítorí pé kò mọ ọjà á ná. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n fi ọjà wé ọjà, inú ẹnì kejì á bàjẹ́, á sì béèrè bóyá òfin fàyè gba irú èyí. Ìbéèrè náà ti kọjá ti aláta báyìí. Ó ti kan iná mànàmáná, ó ti kan owó iléèwé, ó ti kan dátà orí fóònù. Èrò mi lórí rẹ̀ ni pé iye méjì lórí ọjà kan kì í ṣe ìrẹ́jẹ bí ẹni tó ń rà á bá lẹ́nu láti béèrè ìdí, tó sì lẹ́sẹ̀ láti kọjá sí ìsọ̀ mìíràn. Níbi tí ẹnu bá ti di, tí ẹsẹ̀ sì dè, ibẹ̀ ló yẹ kí òfin ti dá sí i. Ó dùn mí pé ibẹ̀ gan-an ni òfin wa kì í sáábà wò.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òfin ọjà títà bẹ̀rẹ̀. Èyí tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kọ sínú ìwé òfin rẹ̀ ní 1959, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jogún, ara òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1893 ni wọ́n ti wò ó kọ. Ohun tó sọ nípa iye kò gùn rárá: iye tí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá fẹnu kò sí ni iye, bí wọn kò bá sọ iye kankan, kí ẹni tó rà san ohun tó bọ́gbọ́n mu. Kò sí ibi tó ti ní kí aláta ta ata fún Bọ́lá ní iye tó ta á fún Ṣadé. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, èyí tí wọ́n ń fi ọdún 2018 pè, tó sì dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fẹjú ju ìyẹn lọ. Ó ní kí ilé iṣẹ́ tó bá ti di ọ̀gá lórí ọjà má ṣe gbówó lé oníbàárà lórí kọjá ààlà. Ó ní kí àwọn tó yẹ kí wọ́n máa bára wọn díje má ṣe gbìmọ̀ pọ̀ lórí iye. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan oníbàárà jẹ. Ṣùgbọ́n kò sọ pé oníbàárà gbogbo gbọ́dọ̀ san iye kan náà. Kódà ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ní òfin Robinson-Patman láti 1936 lórí títa ọjà kan ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn oníṣòwò tó ń ra ọjà láti lọ tún un tà ni òfin náà ń gbèjà, kí ilé ìtajà ńlá má bàa fi ẹ̀dínwó àrà ọ̀tọ̀ pa ìsọ̀ kékeré. Ẹni tó wá ra ọṣẹ tí yóò fi wẹ̀ nílé kò sí nínú ohun tó ń sọ.

Ibi tí òfin wa ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù ni abala 115 òfin FCCPC yẹn. Ó ní kí ẹni tó bá pàtẹ ọjà kọ iye rẹ̀ síbi tí oníbàárà ti lè rí i, kí oníbàárà má sì san ju iye tí wọ́n kọ lọ. Bí iye méjì bá wà lára ọjà kan, èyí tó kéré ni kó san. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ náà ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà Sahad ní Garki, Àbújá, wọ́n ní iye tó wà lára pákó tí wọ́n to ọjà sí kéré sí èyí tí wọ́n ń gbà nídìí owó. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò rí ẹni tó máa jiyàn pé kò burú. Ẹni tó wọ irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ ti fi ìnájà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nǹkan tí wọ́n kọ ló gbà gbọ́, tó fi kó ọjà sínú agbọ̀n. Kò tún lẹ́nu tó lè fi ná an mọ́ nígbà tó bá dé iwájú ẹ̀rọ tó ń ka iye. Ṣùgbọ́n bí a bá ka abala kan náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó kan gbogbo ẹni tó ń tajà, èyí tó túmọ̀ sí pé aláta Akẹ̀sán, ẹlẹ́lùbọ́ Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ẹni tó pàtẹ káṣú sẹ́bàá títì ń rú òfin láti àárọ̀ dé alẹ́, nítorí kò sí ìwé iye lára òkìtì ata wọn. Òfin tó sọ gbogbo ọjà di arúfin kò lè jẹ́ òfin tó ronú nípa ọjà wa.

Ìdí ni pé ọjà Yorùbá ní ètò tirẹ̀ tó ń ṣọ́ iye. Ẹni tó bá mọ Akẹ̀sán tàbí Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé àwọn tó ń ta ohun kan náà ló ń jókòó pọ̀: ìsọ̀ aláta lọ́tọ̀, ti aláṣọ lọ́tọ̀, ti ẹlẹ́ran lọ́tọ̀. Bí a bá wò ó lásán, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń pa ara wọn lọ́jà. Ìjókòó yẹn gan-an ni ààbò oníbàárà. Bí ìyá kan bá dá iye tó ga, ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbọ́, ó sì ti ń pe oníbàárà kó tó ṣí ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta ata lónìí kò nílò ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Kó rin ìsọ̀ mẹ́ta kọjá, ó ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàtọ̀ iye ní ọjà kì í ṣàìní ìdí tó ṣeé fẹnu sọ: ẹni tó rà á lápò yàtọ̀ sí ẹni tó rà á ní kóńgò, ẹni tó sanwó lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ẹni tó gbà á láwìn, tòmátò tó ti ń rọ̀ nírọ̀lẹ́ kò lè jẹ́ iye tòmátò àárọ̀.

Ohun tó yẹ ká bẹ̀rù ní ọjà wà lára òṣùwọ̀n. Ẹ wo ìyá onírẹsì bó ṣe ń wọn ọjà fún oníbàárà rẹ̀ àtijọ́: ó bù ú sínú kóńgò, ó fi apá òsì yí ẹnu kóńgò ká kí ìrẹsì má bàa dà nù, ó ń kó o lé e títí tó fi ga ṣóńṣó bí òrùlé ahéré, ó tún fún ún ní ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ẹ̀ènì. Fún àjèjì, ó lè gbá orí rẹ̀ dànù kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyẹn náà ìyàtọ̀ iye ni, ṣùgbọ́n ojú oníbàárà ló ṣe é, ó lè ní kí ìyá bá òun fi sí i. Kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú ńkọ́? Kò sí ojú tó lè rí ìyẹn nígbà tí ìrẹsì bá ti bò ó. Ẹni tó ń rà á rò pé òun ti ná ọjà títí dé jálẹ̀, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti gba owó náà padà lábẹ́. Orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n láti 1974, àmọ́ kóńgò ṣì ni ọba ọjà. Bí ìjọba bá fẹ́ dáàbò bo ẹni tó ń ná owó rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdí kóńgò ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwọn kan á ní ọ̀nà tó rọrùn ni kí wọ́n fi iye kan lélẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Wọ́n ti dán an wò. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba amúnisìn fi Kápútéènì Pullen ṣe alákòóso oúnjẹ ní Èkó. Ó dá iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, wọ́n sì ṣí ọjà tí wọ́n ti ń tà á ní iye ìjọba. Àwọn obìnrin ọjà kọ̀ jálẹ̀ lábẹ́ Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà, olórí Ọjà Ẹ̀rẹ́kò, wọ́n ní iye yẹn kò ka owó mọ́tò àti wàhálà ọ̀nà kún. Gàrí wọ́n lójú ọjà, ó ń rìn lẹ́yìn ilé ní iye tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó sì di 1945 ètò náà ti dópin. Ní 1984, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n tún fi sójà ta ọjà. Àwọn tó tò fún ẹ̀sẹ́ńkò, ìyẹn àwọn ọjà kòṣeémánìí, nígbà náà lè sọ bí ṣúgà àti mílíìkì ṣe pòórá lórí àtẹ. Iye kan tí kò bá iye tí wọ́n fi kó ọjà dé mu á kàn lé ọjà sápamọ́ ni, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè béèrè ìdí mọ́.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn tó fẹ́ iye kan kì í kà sí. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ọjà kan bá ṣèpàdé, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á ní kóbọ̀ tó dín sí báyìí, tí wọ́n sì ń gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tó bá dín in, gbogbo oníbàárà á san iye kan náà nìyẹn. Kò sí ọlọ́lá, kò sí mẹ̀kúnnù, kò sí onílé tàbí àlejò. Síbẹ̀ èyí gan-an ni abala 59 òfin FCCPC kà léèwọ̀, torí ìfẹnukò láti dá iye sókè ni. Ìyá tó ń bá oníbàárà ná ọjà kò jẹ̀bi. Ìyá tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mulẹ̀ pé kí ìnájà parí ló jẹ̀bi. Níbi yìí mo gbà pẹ̀lú òfin tọkàntọkàn.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti àlejò, onítìjú àti arúgbó tí kò lágbára láti rin ìsọ̀ mẹ́ta. Ìnájà ń fìyà jẹ wọ́n, òtítọ́ ni. Aláta á wo bàtà lẹ́sẹ̀, á gbọ́ ohùn, á rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, kó tó dá iye. Nígbà mìíràn ìwòye yẹn máa ń gbe mẹ̀kúnnù, torí iye á wálẹ̀ fún ìyá àgbà tó so owó rẹ̀ mọ́ etí ìró. Nígbà mìíràn ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ ló ń sanwó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ti ronú jinlẹ̀ lórí èyí ṣáájú wa. Wọ́n ròyìn pé nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, wọ́n ní kí Ànábì dá iye lé e, ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ó kà á léèwọ̀ kí ará ìlú lọ pàdé àwọn tó ń kó ọjà bọ̀ lójú ọ̀nà kí wọ́n tó wọ ọjà, torí wọn kò tíì mọ iye tí ọjà ń lọ. Nínú ìmọ̀ Málíkì, tí àwọn àlùfáà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọ́, ẹni tó bá ná ọjà títí tó fi rà á wọ́n kò lè rojọ́ púpọ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun kò mọ iye, kí olùtà bá òun tà á bó ṣe ń tà á fún èèyàn, tí olùtà wá yàn án jẹ, ẹ̀tọ́ wà fún un láti dá ọjà padà. Mi ò tíì rí òfin ìjọba kankan tó fi ìka kan ojú ọgbẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ná ọjà àti ẹni tó fi ara rẹ̀ lé olùtà lọ́wọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́. Ó yẹ kí FCCPC kọ irú ìyàtọ̀ yìí sínú ìlànà rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́jà, ká lọ síbi tí wọn kì í ti í ná nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, iye méjì ni wọ́n máa ń dá lé akẹ́kọ̀ọ́: tọmọ onílé àti ti àlejò. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan náà, olùkọ́ kan náà, ìwé ẹ̀rí kan náà. Abala 42 ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 ní òfin tàbí ìṣe ìjọba kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà, kò sì gbọ́dọ̀ fún un láǹfààní tí kò sí fún ẹlòmíràn, nítorí ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ibi tó ti ṣẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìjọba ni abala yìí dojú kọ. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìyá aláta tí a ń fi ẹ̀sùn kàn lómìnira ju ìjọba tó ń fi ẹ̀sùn kàn án lọ. Wọ́n á ní owó orí àwọn òbí tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ ló kọ́ iléèwé náà. Owó orí kì í tẹ̀lé orírun, ibùgbé ló ń tẹ̀lé. Oníṣòwò Ígbò tó ti gbé Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ fún ogún ọdún, Ìbàdàn ni owó orí rẹ̀ ń lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Kánò, Kánò ló ń san án fún. Wọ́n á tún ní yunifásítì ìpínlẹ̀ l'Amẹ́ríkà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ ni ibi tí èèyàn ń gbé, kì í ṣe ìlú bàbá rẹ̀.

Ìtàn LAUTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, fúnra rẹ̀ fi hàn pé ààlà ọmọ onílé kì í dúró sójú kan. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990, ọmọ Ẹdẹ àti ọmọ Ìwó, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n. Ní oṣù kẹjọ 1991 ìjọba ológun ya Ọ̀ṣun sọ́tọ̀, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ní iléèwé náà títí di oṣù kọkànlá 2020 tó fi di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Bí orúkọ ìpínlẹ̀ bá jẹ́ òṣùwọ̀n owó iléèwé, ẹni tó sùn ní onílé á jí ní àlejò láìrìn ju àgbàlá rẹ̀ lọ. Ìlú tó sì yẹ kó mọ èyí jù ni Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn Yorùbá tó kún ọjà Tàmálè àti àwọn ìlú àríwá Gánà kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìlú tí wọ́n ti fi orírun ṣá ọmọ rẹ̀ tì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n fi orírun dá owó lé ọmọ ẹlòmíràn.

Ti iná mànàmáná díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń ṣe àkóso iná, gbé iye kílówáàtì-wákàtí kan fún àwọn tó wà ní ìpele Band A sí náírà 225, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta iye àtijọ́ lọ, nígbà tí àwọn ìpele yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. Lẹ́yìn náà wọ́n bù ú kù díẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé Band A á máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́. Ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, lábẹ́ IBEDC tó ń pín iná níbẹ̀, ilé méjì lè dojú kọra wọn ní àdúgbò kan, kí wáyà wọn wá láti fídà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí iná tó ń tan gílóòbù kan náà sì jẹ́ iye méjì. Ṣé ó bófin mu? Òfin iná ti 2023 ní kí iye má ṣe ya oníbàárà kan sọ́tọ̀ sí èkejì láìnídìí tó tọ́. Gbólóhùn yẹn, láìnídìí tó tọ́, ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́. Mo gbà pé ẹni tó bá rí iná ogún wákàtí lè san ju ẹni tó rí mẹ́rin lọ, nítorí ìdí wà, wọ́n sì sọ ọ́ síta. NERC tún pàṣẹ pé bí fídà kan kò bá rí wákàtí rẹ̀ pé fún ọjọ́ méje léra, kí wọ́n dá a padà sí ìpele ìsàlẹ̀. Ohun tí mo ń tako ni pé oníbàárà kò lè yàn. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́ Band A, kò sí ìsọ̀ kejì tó lè kọjá sí, àfi kó pa mítà tì kó tan jẹnẹrétọ̀. Níbi tí ìnájà kò bá sí, ẹni tó dá iye ló yẹ kó máa fi ẹ̀rí wákàtí iná hàn lóṣooṣù, fídà sí fídà, lédè tí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lè kà. Òfin iná ti 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣe àkóso iná tirẹ̀, nítorí náà Ìbàdàn lè pàṣẹ èyí láìdúró de Àbújá.

Èyí tó tuntun jù ni ti fóònù. Ẹni méjì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní gáréèjì Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, lè tẹ nọ́ńbà kan náà láti ra dátà, kí ojú fóònù ọ̀kan fi owó kan náà fún un ní dátà tó pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ilé iṣẹ́ náà mọ bí oníkálukú ṣe ń ra dátà àti iye tó máa ń ná, ohun tó sì mọ̀ yẹn ló fi dá iye. Ó jọ ohun tí ìyá aláta ń ṣe nígbà tó bá ń wo bàtà oníbàárà. Ṣùgbọ́n oníbàárà náà ń wo ìyá padà. Ó ń wo ata, ó ń gbọ́ ìsọ̀ kejì, ó lè rìn lọ, kí wọ́n sì pè é padà lẹ́yìn ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ta ló lè wo fóònù padà? Kì í ṣe pé mo kọ ẹ̀dínwó. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n tọ́jú ìdí rẹ̀ mọ́ra. Ìpínlẹ̀ New York ti gbé òfin kan jáde ní 2025 tó ní kí ẹni tó bá fi ìsọfúnni oníbàárà dá iye fún un kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe dá a. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023, ti ṣílẹ̀kùn díẹ̀ sílẹ̀ lórí ìpinnu tó lágbára lórí èèyàn tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é. Kí FCCPC ti ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kọ ìdí iye sábẹ́ iye, kí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn lè kà á kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìwé iye tí abala 115 ń wá lórí òkìtì ata, ojú fóònù ló ti yẹ kí wọ́n máa wá a.